Orí Ṣíṣí ní Afárá Agbe

Ọdún 1994 ni ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n ju oyin lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ológun tó wà nípò di etí wọn, ìbò tí aráàlú fi ìrètí dì lọ́dún tó ṣáájú sì ti di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní Ọ̀wọ̀, ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó da aṣọ bò ó. Tíṣà ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ojú pọ́n ayé tó, ẹnìkan á ṣì wà tí ojú kò pọ́n. Àwọn lọ́rì gẹdú tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà Ifọ̀n, níbi tí ọ̀nà oko ti yà wọ igbó Agbe, kò fi ọjọ́ kan wá dísẹ́ẹ̀lì tì. Táńkì wọn kún dẹ́nu, wọ́n kọjú sí igbó, wọ́n ń dúró. Afárá kan ṣoṣo ló dá wọn dúró.

Afárá Agbe kì í ṣe afárá ńlá. Irin gbọọrọ méjì tí wọ́n ti gbé dábùú odò láti ayé òyìnbó ni, tí wọ́n tẹ́ pákó lé, lórí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀sẹ̀. Bí èèyàn bá ti sọdá rẹ̀, ó ti wọ igbó nìyẹn: ìrókò, ọ̀gànwó, arère, àwọn igi tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè fapá ká. Abẹ́ wọn ni orísun omi tí gbogbo àbà Agbe ń mu wà, abẹ́ wọn náà ni kòkó tí àwọn bàbá gbìn kalẹ̀ fọ́mọ wà. Ìwé àṣẹ kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pé kí Kọ́ńpìnnì kan láti ilẹ̀ òkèèrè wọ igbó náà, kí wọ́n gé e pátá. Ẹni tó buwọ́ lu ìwé náà kò tẹ ilẹ̀ Agbe rí. Àwọn ará àbà bá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Ọ̀wọ̀, adájọ́ sì dá ọjọ́ fún wọn, ọ̀sẹ̀ tó máa tẹ̀lé ọdún Igogo. Lọ́yà wọn kò fọ̀rọ̀ bò fún wọn. Ó ní bí igi bá wà lóòró lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ wà; bí igi bá ti ṣubú, orí kùkùté ni wọn yóò ti máa rojọ́. Nítorí èyí ni àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ṣe jókòó ti afárá, tí wọ́n sì fi Ambrose ṣe olórí ogun.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Ambrose, ọmọ ìjọ Àgùdà, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ pẹ̀tù síjà ní Làìbéríà, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tó ń tiro àti ẹnu tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá mu ẹmu díẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ nípa ibẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn ìjà. Ìtàn igi ni. Ó rí gẹdú tí wọ́n tò jọ sí èbúté kan níbẹ̀ bí òkú tí kò sẹ́ni tó wá gbé e, ojú ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ní àmì ọ̀dà pupa, òbíríkítí kan tí ìlà gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń para wọn nínú ìlú ń gé igbó, ọkọ̀ òkun ń kó igi lọ, ọkọ̀ òkun ń já ọta sílẹ̀. Igi lọ, ọta dé. Ambrose rò pé òun ti fi àmì yẹn sílẹ̀ sáyé àwọn tó ni ín. Àfi lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì wọ igbó Agbe pẹ̀lú korobá ọ̀dà, tó sì bá òbíríkítí pupa lára ìrókò tó wà lókè orísun omi. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Ẹ̀rù bà á bí kò ṣe bà á rí lójú ogun, nítorí ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé àmì náà.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Igogo, ìgbìmọ̀ ogun jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ tí Ìbílọlá ti ń sá kòkó. Opó ni Ìbílọlá, ìyá àgbà tó ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí, oko kòkó rẹ̀ ló sì súnmọ́ afárá jù. Òun ló ń bọ́ ogun náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó láyà láti ní kó dákẹ́. Àbúdùlàhí wà níbẹ̀, káfíńtà láti àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ọmọ ìmàle tí kì í bínú, tó jẹ́ pé bó bá ń ronú, á máa fi èékánná họ ohunkóhun tó bá jẹ́ igi. Akínyẹlé náà wà níbẹ̀, olórí ọdẹ Idogun, ọmọ a-rìn-wẹ́rẹ́-bí-ẹkùn, ọdẹ tí ń wo ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nílẹ̀ tó sì máa ń mọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko, níwájú pátápátá, níbi tí ọ̀tá yóò ti kọ́kọ́ yọjú.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Àbúdùlàhí wí fún Ambrose, “kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo igi yìí ṣe gan-an? Ṣé igi ò sí nílùú tiwọn ni?”

“Ó wà. Wọ́n ti ka tiwọn léèwọ̀ ni. Wọ́n gé e títí omíyalé fi ń gbé abúlé wọn lọ, ni ìjọba wọn bá fòfin de igbó. Àwọn oníṣòwò wọn wá ń wo ayé yíká, wọ́n ń wá ibi tí òfin ti sùn.” Ambrose na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. “Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń fẹjú mọ́ra wọn, àwọn méjèèjì ló ń wá ọ̀rẹ́ kiri. Wọ́n á la ọ̀nà fún ẹ, wọ́n á gbé ọmọ ẹ lọ síléèwé, kó o má bàa sá tọ ìkejì lọ. Rọ́ṣíà ti wó báyìí. Kò sẹ́ni tó ń wá wa lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ wa ni wọ́n ń wá.”

Akínyẹlé rẹ́rìn-ín. “Pé bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a, a ti gbọ́ ìyẹn. Kí erin kan wó, kí koríko tún máa jìyà náà lọ, ìyẹn ni mi ò gbọ́ rí.”

“Ẹ jẹ́ ká sọ ti tiwa,” ni Ìbílọlá dá sí i. “Òyìnbó kọ́ ló buwọ́ lùwé. Ọmọ wa ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

Òótọ́ ni, òótọ́ sì máa ń korò lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí ohun tó kó wọn jọ. Igogo ti dé. Bí Igogo bá sì ti dé, gbogbo ọmọ Ọ̀wọ̀ ló mọ̀ pé ìlù kì í dún, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ìbọn kì í dún. Ọrọ̀nṣẹn ni wọ́n ń ṣe é fún, ayaba tí wọ́n bà lọ́kàn jẹ́ láàfin tó fi wọ igbó lọ tí kò padà mọ́.

“Ambrose,” ni Akínyẹlé wí, “mo bọ̀wọ̀ fún Igogo yín. Ṣùgbọ́n ará Idogun ni mí, ìbọn ṣakabùlà mi kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Bí mo bá rí lọ́rì, ó lè dún.”

“Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ kòkó ta lo jókòó sí tó o ti ń sọ ìyẹn?” ni Ìbílọlá bi í. “Ọrọ̀nṣẹn wọ ugbó. Ugbó wo? Wọ́n ní àwọn mọ̀, èmi ò mọ̀. Gbogbo ugbó ni mo ń kà sí tirẹ̀. Bó o bá yìnbọn nínú ugbó yìí láàárín Igogo, èmi fúnra mi ni máa fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gé igi kan.”

Akínyẹlé wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣeré. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi.

Ambrose bá sọ ètò rẹ̀ fún wọn. Àbúdùlàhí ti tú ìṣó kúrò lára àwọn pákó àárín afárá, tó fi jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́rin lè gbé wọn kúrò kí ojú tó ṣẹ́. Pákó yóò máa wà lápá ibi tí igbó wà. Bí tiwa bá dé, a ó tẹ́ ẹ. Bí tiwọn bá dé, odò á dáhùn. Ogun yìí kò nílò ìbọn, sùúrù ló nílò, títí ọjọ́ kóòtù.

“Ó dáa,” ni Akínyẹlé wí. “Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ò mọ ojú gbogbo ará Ọ̀wọ̀. Àwọn èèyàn yín á máa ti ìlú gbé oúnjẹ wá. Báwo ni àwọn ọmọ mi á ṣe mọ tiwa yàtọ̀ sí tiwọn?”

Ambrose ronú díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tó rí. “Igogo fúnra rẹ̀ ti fún wa lámì. Sójà kì í rìn láìdé fìlà. Agégẹdú kì í wọ igbó láìfi nǹkan bo orí. Ẹni tó bá ṣí orí, tiwa ni, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá dé fìlà, ẹ dá a dúró.”

Akínyẹlé ṣí abetí-ajá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi í sápò. “Nítorí ayaba yín,” ni ó wí, orí rẹ̀ tó pá sì ń dán. Wọ́n fi orí náà rẹ́rìn-ín gidi.

Ìbílọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra wọn. “Bí ọma Ọ̀ghọ̀ bá wà láàárín wọn ńkọ́?”

“Ìyá, ọma Ọ̀ghọ̀ wo ló máa kó agégẹdú wọ ugbó nígbà Igogo?” ni Ambrose bi í.

“Èmi ni mo bi ẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.”

Ọkàn Ambrose ti lọ sí Monróvíà ní Làìbéríà. Ọdún kìíní tí wọ́n débẹ̀ ni, oṣù Igogo, nínú kòtò kan tó kún fún omi òjò. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀wọ̀ kan tó ń jẹ́ Ọlámúyìwá, ìràwọ̀ rẹ̀ ṣì kéré léjìká nígbà náà. Ọta ń fò lókè orí wọn. Ọlámúyìwá ṣàdédé ṣí akoto irin tó dé, ó gbé e sórí eékún. Ambrose kígbe mọ́ ọn pé ṣé orí rẹ̀ dàrú ni. Ọmọkùnrin náà ní, “Lónìí, ní ulé, kò sẹ́ni tó bo orí, Sájẹ́ǹtì.” Kí ni Ambrose ì bá ṣe? Òun náà ṣí tirẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìbọn fi dákẹ́, kò sì sí èyí tó kàn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ṣa ọta kan nílẹ̀, wọ́n fi ahọ́n kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì búra pé ẹnìkan nínú wọn kò ní gbé ohun ìjà sí ìkejì láéláé. Láti ọjọ́ náà ni Ambrose ti ní ìgbàgbọ́ kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tó bá lè ṣí orí sábẹ́ ọta nítorí Igogo, ohun búburú kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ló fi ń wo gbogbo orí tó ṣí.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n búra. Akínyẹlé fi ẹnu kan ojú àdá, ó ní kí irin jẹ òun níyà bí òun bá dalẹ̀. Àbúdùlàhí fi Ọlọ́run Ọba tó ni ọjọ́ ìdájọ́ búra. Ambrose di rósárì rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó fi ìkejì kan àdá náà, nítorí pé lójú ogun, èèyàn kì í fi ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ láìkàn. Ìbílọlá ní òun kò ní búra, pé ilẹ̀ tí òun sin ọkọ sí ti búra fún òun.

Ọjọ́ tí Igogo bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ìlú wá. Kò sí epo, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, ìrìn tó mú oòrùn kọjá lórí wọn, àwọn obìnrin so irun mọ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin ṣí orí, ẹrù iṣu àti ẹja gbígbẹ léjìká. Agogo ló ń ṣíwájú wọn. Àwọn ọmọ Akínyẹlé gbọ́ agogo náà láti òkèèrè, wọ́n rí orí ṣíṣí, wọ́n sì yà fún wọn. Àbúdùlàhí tẹ́ pákó, wọ́n sọdá, igbó gba orin wọn. Ambrose wo gbogbo rẹ̀, ó sì rò ó pé bóyá Ọlọ́run yóò ṣe é fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn tún dé, pákó tún tẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi di pé bí agogo bá ti dún lókè ọ̀nà, àwọn tó wà nídìí pákó á ti dìde kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Ohun tó bá ti di bárakú, ojú kì í wò ó dáadáa mọ́.

Ọjọ́ kan, òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án. Ambrose wà nídìí orísun omi, ó ń fi omi tútù wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tó gbọ́ agogo. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì lẹ́yìn agogo náà. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn pé ẹnìkan ti rí epo nílùú tó fi lè gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ó ti ń gun òkè bọ̀ kí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Agogo Igogo máa ń yí ohùn padà, ó máa ń sáré, ó máa ń rọ̀. Èyí kò yí. Bí ẹni tó ń fi òòlù lu irin ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń dún, kan, kan, kan, láìdúró.

Ó sáré bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbà á tó. Nígbà tó fi jáde láàárín kòkó, lọ́rì náà ti sọdá afárá, ó ti dúró lórí ilẹ̀ igbó. Tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ró aṣọ funfun, gbogbo wọn ṣí orí, ará Idogun tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ti yà fún wọn gẹ́gẹ́ bí òfin. Àbúdùlàhí dúró nídìí pákó, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ń kí wọn kú ìrìn. Ambrose wo iwájú orí ẹni tó súnmọ́ ọn jù. Oòrùn ti jó ojú ọkùnrin náà dúdú, ṣùgbọ́n òkè iwájú orí rẹ̀ mọ́ gaara, ìlà kan sì gba ibẹ̀ kọjá ní dídábùú. Ó wo ìkejì, ìlà kan náà ló rí. Ó ti fi ìlà yẹn gbé láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí fìlà sójà máa ń jókòó sí ni.

Ilẹ̀kùn iwájú lọ́rì ṣí. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ga, ó sanra díẹ̀ ju bó ṣe wà ní Monróvíà lọ, irun rẹ̀ sì ti ń funfun létí. Òun náà ṣí orí. Kì í ṣe pé ó ṣí i láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí bó ti sọ̀ kalẹ̀, ó kọ́kọ́ tẹrí ba fún igbó, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

“Sájẹ́ǹtì mi,” ni Ọlámúyìwá wí.

“Múyìwá.”

“Ẹ kú ọdún Igogo, Ẹ̀gbọ́n.”

Ambrose wo kọjá èjìká rẹ̀. Wọ́n ti ká tapólì sókè lẹ́yìn lọ́rì. Ẹ̀rọ ìgégi ló wà níbẹ̀, tí wọ́n tò bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbọn sójà sì wà láàárín wọn.

“Ìwọ lo yan ọjọ́ yìí,” ni Ambrose wí.

“Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ má bàa rò mí ní ìròkurò.” Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dájú pé ohun tó ń sọ dá a lójú. “Ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ rán wá. Ẹni yẹn kì bá ti dúró de Igogo. Iná ni ì bá fi sun àbà yìí, ì bá sì yìnbọn lu ohunkóhun tó bá mira. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi. Mo mọ̀ pé nígbà Igogo, ẹ ò ní yìnbọn. Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi pé àwọn náà ò gbọdọ̀ yìn ín. Kò sẹ́ni tó máa kú. Igi lásán ló máa ṣubú.”

“Igi lásán.”

“Ẹ̀gbọ́n, ayé ti yí. Ẹni tó fẹ́ igi yìí, ó máa rí i. Bí kò bá gba ọwọ́ mi, yóò gba ọwọ́ ẹni tó burú jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn lọ́rì yòókù kọjá.”

Ohun tó dun Ambrose jù ni pé ọmọ náà kò purọ́. Àánú ló rò pé òun ń ṣe. Ó gbé Igogo lọ́wọ́ bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́, ó fi ṣí ilẹ̀kùn, ó sì tún ń pa èèwọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú ilé tó wọ̀. Ìbínú ru sókè nínú Ambrose, ìtìjú sì wà nínú ìbínú náà, nítorí òun alára ló sọ fún wọn pé orí ṣíṣí, tiwa ni.

Ó gbọ́ ẹ́ńjìnì mìíràn. Lọ́rì gẹdú àkọ́kọ́ ti yọ lókè ọ̀nà, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún ku òmíràn. Pákó ṣì wà ní títẹ́. Àbúdùlàhí dúró nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú wọn ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn orí tó ṣí, nítorí orí gbogbo ti di ọ̀kan náà, wọn kò sì mọ ẹni tí í ṣe tiwọn. Ambrose kígbe pé kí wọ́n yọ pákó. Ẹ́ńjìnì gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó tún kígbe. Agogo inú lọ́rì ń dún kan, kan, kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú fìlà rẹ̀ jáde. Fìlà òfì àtijọ́ kan ni, èyí tí ìyàwó rẹ̀ hun kó tó kú. Láti ọjọ́ tó ti ṣí akoto irin níwájú ọta, kò bo orí rẹ̀ láàárín Igogo mọ́. Ó dé e.

Àbúdùlàhí rí i. Láàárín gbogbo orí tó ṣí náà, fìlà kan ṣoṣo ni ojú kò lè ṣaláìrí. Ó wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó rò pé Sájẹ́ǹtì ti ya wèrè. Lẹ́yìn náà ni òye yé e pé àmì ti yí padà. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹnu pákó mú, àwọn ọmọ rẹ̀ dì í mú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì fà á. Táyà iwájú lọ́rì gẹdú ti gun afárá. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó pẹ́ jù, táyà méjèèjì jìn sínú àlàfo, imú lọ́rì náà gún irin, ó dúró síbẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè, ó dí afárá pa. Sójà kan fi igi gbá Àbúdùlàhí léjìká, ó ṣubú, ó sì dìde. Ìjà ọjọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan dákẹ́, àyàfi agogo. Àbúdùlàhí fi ọwọ́ tó kù tó dáa mú fìlà pélébé rẹ̀ láti inú àpò, ó dé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń dé tiwọn. Ìbílọlá ti dé ẹnu ọ̀nà kòkó, ó dúró, ó wo Ambrose, ó wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ti rí èsì. Ó tú ọ̀já tó so mọ́dìí, ó wé e mọ́rí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fà á le. Ní òdì kejì odò, Akínyẹlé àti gbogbo ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n ní wà lẹ́yìn lọ́rì tó dí ọ̀nà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sọdá.

Ọlámúyìwá wo àwọn fìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà, bí ojú ọmọ tí wọ́n lù níbi tó ti ń retí ìyìn.

“Ẹ ti ba Igogo jẹ́, Ẹ̀gbọ́n.”

“Fìlà kọ́ ló bà á jẹ́,” ni Ambrose wí. “Mo dé e kí àwọn èèyàn mi lè mọ̀ mí yàtọ̀ sí ẹ.”

“Ẹ rántí ohun tá a fi ahọ́n kàn.”

“Mo rántí ẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo, wò ó. Tìẹ ńkọ́?”

Ọlámúyìwá kò wo ọwọ́ ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ láàárín àwọn arère, omi òjò tó kù lórí ewé sì dà sílẹ̀ sórí gbogbo wọn, àti ẹni tó bo orí àti ẹni tó ṣí i. Nígbà tó yá, ó fa fìlà sójà rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ funfun tó ró. Ó gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan. Ó dé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì yí ẹ̀yìn padà sí Ambrose. Àwọn sójà rẹ̀ rí i, wọ́n mọ̀ pé èèwọ̀ ìbọn ti tú. Wọn kò dúró kó sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn lọ́rì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbọn jáde láàárín àwọn ẹ̀rọ ìgégi.

Nínú lọ́rì náà, ẹni tí wọ́n háyà láti ìlú ọ̀nà jíjìn pé kó wá bá wọn lu agogo ṣì jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń lù ú. Wọn kò sọ ìdí agogo náà fún un, kò sì sẹ́ni tó rántí láti sọ fún un pé ó tó.